Ṣé ẹ̀tọ́ wa ni láti gbé ìbọn? Ohun tó yẹ kí ará Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ nípa òfin àti ìdájọ́ ilé-ẹjọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀ Ramadan, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkọ̀tún jókòó láti sọ̀rọ̀ lórí ààbò. Ọjọ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn yóò sì máa jáde nílé ní nǹkan bí aago méjì òru láti wá kí ìrun Tahajjud. Ìyá àgbàlagbà kan ti ránṣẹ́ sí ìmáàmù pé òun kò ní lè wá lọ́dún yìí, nítorí pé wọ́n gba fóònù àti báàgì lọ́wọ́ òun lójú ọ̀nà lọ́dún tó kọjá.

Alàájì kan tó jẹ́ àgbà nínú ìgbìmọ̀ náà dá àbá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dá owó jọ, ká ra pọ́ǹpù kan fún mẹ́gáàdì. Olè tó bá gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà wá mọ́." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kín in lẹ́yìn. Ó ní òun rí i lórí fóònù òun pé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹ̀tọ́ ará ìlú ni láti gbé ìbọn rìn. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ wá béèrè pé, "Nàìjíríà ńkọ́?" Gbogbo ilé pa kẹ́kẹ́. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, èmi náà kò sì rí èsì fún un.

Ìbéèrè akọ̀wé yẹn ni a fẹ́ dáhùn níbí. Ó yẹ ká fara balẹ̀ kà á, torí pé àṣìṣe lórí rẹ̀ lè gbé èèyàn rere lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Kí ló gbé ọ̀rọ̀ ìbọn dé àdúgbò wa?

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn ní ìdí. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilé ti kún Ìgàndó, Ìpájà, Ayọ̀bọ̀ àti Ìdímù títí dé inú irà. Ojú pópó tí kò ní iná pọ̀. Kí ọlọ́pàá tó ti àgọ́ dé ibi tí olè wà, olè á ti lọ.

Àwọn tó wà ní Alímọ̀ṣọ́ ní April 2020 kò tíì gbàgbé. Ìjọba ti sé ìlú mọ́ nítorí àrùn Kòrónà, ebi ń pa èèyàn, ìròyìn sì ń tàn kálẹ̀ pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń bọ̀ wá jalè. Láti Agége dé Ìyànà-Ìpájà, títí wọ ẹnu ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ọkùnrin kò sùn mọ́. Wọ́n ń jó táyà ní ìkóríta, wọ́n ń fi àdá, igi àti irin ṣọ́ àdúgbò títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ti ń bi ara wọn pé: bí olè bá mú ìbọn wá, kí ni àdá fẹ́ ṣe?

Ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí àṣẹ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹ̀tọ́ ni ohun tó ti jẹ́ tiyín kí ẹ tó béèrè. Bí ìjọba bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín, ìjọba ni yóò ṣàlàyé ìdí. Àṣẹ ni ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ lọ tọrọ, tí ẹni tó ni ín lè fún yín tàbí kó má fún yín.

Orí Kẹrin Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló to ẹ̀tọ́ wa lẹ́sẹẹsẹ: ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí, iyì, òmìnira, ìgbọ́ẹjọ́ tó tọ́, ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ sísọ, ìpéjọpọ̀, dúkìá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìbọn níbẹ̀. Ibi tí ìbọn ti jẹyọ nínú Ìwé Òfin náà ni àkójọ àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ohun ìjà, ọta àti ohun abúgbàù ni nọ́ńbà kejì nínú àkójọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó kò lè ṣe òfin pé kí ará ìlú máa gbé ìbọn. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kò lè fọwọ́ sí i. Ọba kò lè fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù tàbí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní Nàìjíríà, àṣẹ ni ìbọn. Kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Oríṣi ìbọn mẹ́ta tó wà nínú òfin

Òfin tó dá lórí ìbọn nílẹ̀ wa ti wà láti ọdún 1959, kí a tó gba òmìnira, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni àwọn tí a kà léèwọ̀. Àgbá ogun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun irú AK-47, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà níbẹ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ fún un, bó bá wù ú. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìbọn ìléwọ́ wà lára wọn. Èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ ní kọ̀rọ̀ àti èyí tó ti òkè òkun wá, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òfin.

Ìkejì ni ìbọn tí èèyàn lè ní fún ara rẹ̀ bó bá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá: ìbọn ọdẹ ọlọ́ta wẹẹrẹ irú dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì, ìbọn ìdárayá, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n òfin yọ àwọn kan kúrò nínú ìbọn ọdẹ wọ̀nyí. Èyí tó ń ki ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀ kò sí lára wọn, èyí tó sì ní irin tí wọ́n ń fà láti fi ki ọta mìíràn kò sí lára wọn. Irin fífà yẹn gan-an ló sọ pọ́ǹpù di pọ́ǹpù. Nítorí náà, ìbọn tí Alàájì wa fẹ́ kí a dá owó rà kì í ṣe èyí tí èèyàn kàn lè lọ gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní January 2017, nígbà tí àwọn aṣọ́bodè mú ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Mile 2 sí Apápá, tí wọ́n bá pọ́ǹpù 661 nínú kọ̀ńténà rẹ̀, ẹrù òfin ni wọ́n pè é.

Ìkẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ìbọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, èyí tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ti mọ̀ láti ayébáyé. Òun náà ní àṣẹ tirẹ̀ nípìńlẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kàn lè gbé e kọ́ èjìká wọ bọ́ọ̀sì ní Ẹgbẹ́dá.

Fún àwọn ìbọn tí wọ́n ń fún èèyàn ní ìwé rẹ̀ pàápàá, òfin sọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ gbà á: ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà nìkan ló ni ín. Ìwé àṣẹ bàbá kì í ṣe ogún fún ọmọ. Bí bàbá bá kú tó fi dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ nínú yàrá, kí ọmọ tètè lọ sọ fún ọlọ́pàá, kó má di ẹni tí wọ́n ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́.

Òfin kan tún wà tó kan àwọn mẹ́gáàdì wa. Láti ọdún 1986 ni òfin ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń pèsè ẹ̀ṣọ́ ti sọ pé òṣìṣẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ lo ìbọn tàbí ọta lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọlọ́pàá ni báǹkì máa ń gbà síwájú ilé wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ìbọn wà níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ìwé ìjọba kò bá lè gbé ìbọn lé mẹ́gáàdì lọ́wọ́, báwo ni mọ́sálásí ṣe fẹ́ ṣe é?

Ohun mẹ́ta tí ilé-ẹjọ́ máa ń wá

Òfin tí wọ́n fi ń fi ìyà jẹ ẹni tó ní ìbọn láìní àṣẹ ni òfin ìdigunjalè àti ohun ìjà, tó ti wà láti ayé àwọn ológun. Ó sọ pé ẹni tó bá ní ìbọn lọ́wọ́ tàbí níkàáwọ́, tí kò bá òfin 1959 mu, yóò san 20,000 náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Àwọn kan máa ń fi 20,000 náírà yẹn rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rántí pé adájọ́ ló ń yàn, kì í ṣe ẹlẹ́jọ́. Bí adájọ́ bá yan ẹ̀wọ̀n, kò lè dín in sí ọdún méjì.

Ní ọdún 2011, nínú ẹjọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti Oladotun, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà sọ ohun mẹ́ta tí olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn. Èkíní, pé wọ́n bá ìbọn lọ́wọ́ ẹni náà. Èkejì, pé ohun tí wọ́n bá náà jẹ́ ìbọn gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, pé kò ní ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà.

"Lọ́wọ́" kò túmọ̀ sí pé ó dì í mú. Òfin lo "níkàáwọ́" pẹ̀lú. Ìbọn tó wà nínú bùútù mọ́tò, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí nínú sítọ́ọ̀ mọ́sálásí lè wà níkàáwọ́ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Bí ọlọ́pàá bá bá pọ́ǹpù ní sítọ́ọ̀ mọ́sálásí, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè? Mẹ́gáàdì, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́, akápò tó sanwó, alága tó fọwọ́ sí i. Ìmáàmù náà lè bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ní ti ohun tí ìbọn jẹ́, òfin sọ pé ohun ìjà aṣekúpani èyíkéyìí tó ní agolo, tí ọta lè ti inú rẹ̀ jáde, ìbọn ni. Ó fi kún un pé ẹ̀yà ara ìbọn náà, ìbọn ni. Ẹni tó bá tú u sí wẹ́wẹ́, tó fi agolo rẹ̀ sí Ìdímù, tó fi ìdí rẹ̀ sí Ìgàndó, kò tíì bọ́.

Ní ti ìwé àṣẹ, òfin ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé ohun tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n dájú, òun ni yóò mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ, kó mú un jáde. "Mo ní ìwé, àmọ́ ó wà nílé" kò tó nílé-ẹjọ́. "Àdúgbò ló ní kí n máa gbé e" kò tó rárá.

Bí olè bá wọlé, ṣé kí a máa wò ó ni?

Rárá o. Ibi tí òfin ti dúró ti ará ìlú nìyí. Abala 33 nínú Ìwé Òfin, tó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí, sọ pé bí ẹnì kan bá kú níbi tí ẹlòmíràn ti ń lo agbára tó tọ́, tó sì pọn dandan, láti gba èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìwà ipá tàbí láti dáàbò bo dúkìá, a kò ní sọ pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ ẹni náà dù ú. Ẹ̀tọ́ ni láti gbèjà ara ẹni.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ní òṣùwọ̀n tó fi ń wọ̀n ọ́n. Lọ́pọ̀ ẹjọ́ tó dé iwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ohun mẹ́rin ni wọ́n máa ń wò. Ṣé ẹni tó pààyàn kọ́ ló dá ìjà náà sílẹ̀? Ṣé ewu ikú tàbí ìpalára ńlá wà níwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀? Ṣé kò sí ọ̀nà tó lè gbà sá? Ṣé ó di dandan kó ṣe ohun tó ṣe? Olè tó kọjú sí yín pẹ̀lú àdá nínú yàrá yín, tí àwọn ọmọ yín wà lẹ́yìn yín, ọ̀rọ̀ kan nìyẹn. Olè tó ti ju báàgì sílẹ̀, tó ń sá lọ, tí wọ́n wá yìnbọn fún un lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Èyí tí wọ́n ti mú, tí wọ́n so mọ́ òpó, tí wọ́n wá dáná sun, ìpànìyàn ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀sùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èèyàn lè jàre pé òun gbèjà ara òun, kó sì jẹ̀bi pé ìbọn tó fi gbèjà náà kò ní ìwé. Ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara ẹni kò bí ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn.

Àwọn àáfà wa náà máa ń kọ́ wa ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n ń kọ́ wa pé ẹni tí wọ́n pa níbi tó ti ń dáàbò bo ohun ìní rẹ̀, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó kú ikú ṣẹ̀ẹ́dì. Wọ́n tún ń kọ́ wa pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ fún ẹni tó bá mú ọfà gba inú mọ́sálásí tàbí ọjà kọjá pé kó di ẹnu ọfà náà mú, kó má bàa ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Bí ọfà bá gba irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀, ìbọn ńkọ́?

Kí ni ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà sọ gan-an?

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò purọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló rí lórí fóònù rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe kejì sí Ìwé Òfin wọn, tó ti wà láti ọdún 1791, dárúkọ ẹ̀tọ́ láti ní ohun ìjà àti láti gbé e. Àwọn ní in nínú ìwé. Àwa kò ní in. Ìyàtọ̀ tó ju gbogbo ìyàtọ̀ lọ nìyẹn.

Ó tó igba ọdún ó lé tí wọ́n fi ń jiyàn lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ogun ìlú nìkan ló wà fún, àwọn kan ní olúkúlùkù ló wà fún. Ní June 2008, nínú ẹjọ́ Heller, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn sọ pé olúkúlùkù lè ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé rẹ̀ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ní 2010, nínú ẹjọ́ McDonald, wọ́n ní ìdájọ́ náà de gbogbo ìpínlẹ̀ àti ìlú, títí kan Chicago. Ní June 2022, nínú ẹjọ́ Bruen, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta sọ pé ẹ̀tọ́ náà kọjá ẹnu ọ̀nà ilé. New York ti ní òfin kan láti ọdún 1913, pé ẹni tó fẹ́ gbé ìbọn rìn níta gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ìdí pàtàkì tí ẹlòmíràn kò ní. Wọ́n wọ́gi lé e. Adájọ́ Clarence Thomas ló kọ ìdájọ́ náà.

Ibi tí fídíò ọ̀dọ́mọkùnrin wa parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò dúró síbẹ̀. Nínú ẹjọ́ Heller yẹn kan náà, wọ́n sọ pé ẹ̀tọ́ náà ní ààlà, pé ìjọba ṣì lè fòfin de ìbọn ní ilé ìwé àti ilé ìjọba. Lẹ́yìn Bruen, New York ṣe òfin tuntun tó ka ọ̀pọ̀ ibi sí ibi tí a kò gbọ́dọ̀ mú ìbọn dé, ilé ìjọsìn sì wà lára wọn. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣàtúnṣe pé àwọn tí ilé ìjọsìn bá yàn fún ààbò lè gbé e. Ní June 2024, nínú ẹjọ́ Rahimi, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án sọ pé ìjọba lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kó jìnnà sí aya tàbí olólùfẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ewu fún un.

Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí Amẹ́ríkà tún ní láti mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kò gba ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú físà àbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ní ìbọn tàbí ọta, àfi àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀. Kí ẹni tó ń lọ lo ìsinmi ní Houston má ṣe bá ìbátan rẹ̀ di ìbọn mú ya fọ́tò kó sì gbé e sórí Facebook.

Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ wa

Kì í ṣe mọ́sálásí wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà rànyìn. Ní June 2022, ìjọba Zamfara, nígbà tí Bello Matawalle jẹ́ gómìnà, kéde pé kí àwọn ará ìlú múra láti gba ìbọn fi gbèjà ara wọn lọ́wọ́ àwọn agbébọn, pé fọ́ọ̀mù 500 yóò lọ sí ìlú ọba kọ̀ọ̀kan nínú ìlú ọba 19. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni Ọ̀gágun Lucky Irabor, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun nígbà náà, fèsì pé gómìnà kò ní agbára láti pàṣẹ pé kí wọ́n fún èèyàn ní ìwé ìbọn. Nínú oṣù kan náà, ní June 5, ni àwọn apààyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n pa ohun tó ju ogójì èèyàn lọ. Ní September ọdún náà, Gómìnà Rótìmí Akéredolú ti Ondó béèrè ìdí tí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn kò fi lè gbé irú ìbọn tí àwọn apààyàn ń gbé. Ní 2024, Sẹ́nétọ̀ Ned Nwoko láti Delta gbé àbá òfin lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kí ará ìlú lè ní ìbọn fún ìgbèjà ara wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìlọ́gbọ́n. Wọ́n ní olè kì í tọrọ ìwé àṣẹ. Wọ́n ní olóòótọ́ nìkan ni òfin ìbọn ń dì lọ́wọ́, tí a bá sì ní kó dúró de ọlọ́pàá tí kò ní epo nínú ọkọ̀, ikú la ní kó dúró dè. Ẹni tí olè ti wọlé tọ̀ rí mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Àwọn tí kò fẹ́ náà ní ẹ̀rí tiwọn. Ní October 2020, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé EndSARS, wọ́n jó àgọ́ ọlọ́pàá lọ́pọ̀ ibi ní Èkó, wọ́n sì kó ìbọn lọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá lè gba ìbọn ní àgọ́ ọlọ́pàá, mélòó ni tinú sítọ́ọ̀ mọ́sálásí? Ní New Zealand, ẹni tó pa Mùsùlùmí 51 ní mọ́sálásí méjì ní Christchurch ní March 15, 2019, ìwé àṣẹ ló fi ra ìbọn rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ìjọba wọn fòfin de irú àwọn ìbọn bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà pẹ̀lú ti fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS ti 2006, tó fi dandan lé e pé kí ìjọba máa ṣọ́ ìbọn kéékèèké lọ́wọ́ ará ìlú gidigidi.

Ẹ sì jẹ́ ká wo Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Kí ló ń dá ìjà sílẹ̀ níbí? Ọmọ onílẹ̀ àti ẹni tó ra ilẹ̀. Onílé àti ayálégbé. Àwọn ọmọ gáréèjì lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Lọ́jọ́ tí ìbọn bá wọ ilé kọ̀ọ̀kan, yóò wọ àwọn ìjà wọ̀nyí náà. Èrò tèmi ni pé a ó sin èèyàn tí ìjà àdúgbò pa ju èyí tí olè pa lọ. Ẹlòmíràn lè rò ó lọ́nà mìíràn. Bó ti wù kó rí, Abújà ni wọ́n ti lè yí òfin padà, títí wọn yóò sì fi yí i, èyí tó wà nílẹ̀ ló ń mú èèyàn.

Kí wá ni ká ṣe?

Ẹ má ra ìbọn fún mẹ́gáàdì, ẹ má sì gbà kí ó mú tirẹ̀ wá. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ gbà á síṣẹ́ wà nínú ewu pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ládùúgbò mọ orúkọ àwọn aṣọ́de yín àti wákàtí tí wọ́n ń ṣọ́. Ẹ bá àwọn aṣọ́ àdúgbò tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ nípa òfin ọdún 2016 sọ̀rọ̀. Ìwífún ni iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ní ọ̀nà láti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kíákíá. Ẹ kọ nọ́ńbà pàjáwìrì 767 àti 112 sí ara ògiri níbi tí ọmọdé lè kà á. Bí ọdún Tahajjud tàbí àpéjọ ńlá bá ń bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n fi ọkọ̀ wọn gba ojú ọ̀nà yín kọjá. Ọlọ́pàá tó ń gbé ìbọn ní àṣẹ, ó sì ní ẹni tó ń bi í léèrè.

Ní ti mọ́sálásí wa, nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, akọ̀wé ka àwọn nǹkan wọ̀nyí sétí wọn. Alàájì dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ọdún mẹ́wàá? Nítorí olè fóònù?" Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra pọ́ǹpù ni wọ́n fi ra iná sólà mẹ́rin sí ojú ọ̀nà láti ìkóríta dé mọ́sálásí, àti fèrè fún àwọn ọ̀dọ́ méjìlá tó ń lọ kó àwọn ìyá wa láti ilé, tí wọ́n sì ń sìn wọ́n padà. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ wá ní òru méje nínú mẹ́wàá. Ó ní ẹsẹ̀ ló dun òun ní mẹ́ta tó kù.